Olú Kẹtàdínlógún

Ká sọ tòótọ́ ká má purọ́, Ìwé Olú kì í ṣe ìwé tí àwọn èèyàn ń jà dù. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń jáde, ó fẹ́lẹ́ bí ìwé orin ọmọdé, olú nìkan ló sì ń sọ: olú tó ń hù lórí ògán, èyí tó ń hù lára igi tó ti kú, èyí tí à ń jẹ àti èyí tó ń pani. Láti Dakar títí dé Kamẹrúùnù, àwọn tó fi olú ṣe iṣẹ́ ìwádìí nígbà náà ò ju mọ́kànlá lọ, méjì nínú wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn mọ́kànlá yìí ló ń kọ ìwé náà, àwọn náà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn náà ló tún ń rà á. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn nínú wọn, ojú ìwé mẹ́jọ ti dín nìyẹn.

Isaac Abọ́dẹrìn ni olóòtú rẹ̀. Kumasi ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní Adum. Òun wá di olùkọ́ nípa ewéko ní yunifásítì, ó sì jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, irú èèyàn tó ń ka nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà pé òun ti kà á. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń bójú tó Ìwé Olú, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí àgbàlagbà fẹ́ràn ìwé lọ. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ lọ́dún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìdajì ìjọ rẹ̀ di ẹrù sórí lọ́rí, ibi iṣẹ́ rẹ̀ bá a wá ìwé ìgbélùú, ó sì dúró. Àwọn ẹbí tó ń lọ bi í pé kí ló kù tó ń ṣe ní Kumasi. Ó ní ìtẹ̀jáde kan wà lọ́wọ́ òun. Wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Àṣẹ yẹn tú ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ́kànlá ká. Àwọn kan ń wá ilé tí wọ́n máa gbé, àwọn kan ń wá iṣẹ́, ta ló wá ráyè olú? Àpilẹ̀kọ ò wọlé mọ́. Ìtẹ̀jáde kan yẹ̀, èkejì tún yẹ̀. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971, akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ni ìwé náà kọ̀wé láti Accra. Ó ní bí ìtẹ̀jáde tó kàn ò bá dé ọ̀dọ̀ àwọn kó tó di Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, àwọn á pa Ìwé Olú dé. Isaac ka lẹ́tà yẹn, ó tún un kà, ó sì fi sínú Bíbélì rẹ̀.

Orí bá a ṣe é, àpilẹ̀kọ ńlá kan wọlé lóṣù kan náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Theophilus Adéfọlá ló kọ ọ́, ẹni tó kọ́ Isaac ní gbogbo ohun tó mọ̀ nípa olú, tó sì ti kúrò ní Kumasi lọ sí Ìbàdàn nígbà àṣẹ yẹn. Ogún ọdún ni bàbá náà fi ṣe iṣẹ́ ọ̀hún: olú mọ́kàndínlógójì tí wọ́n ń jẹ ní àyíká Kumasi, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí, ibi tó ń hù sí, àti ohun tí àwọn tó ń jẹ ẹ́ sọ nípa rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yẹn nìkan tó ìtẹ̀jáde kan gbáko.

Àmọ́ òfin kan wà. Kò sí ohun tí Ìwé Olú lè tẹ̀ tí kì í ṣe pé ẹni méjì tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò sì gbọdọ̀ mọ ẹni tó kọ ọ́. Isaac mú àlùmọ́gàjí, ó gé orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n kúrò lókè ìwé. Òun alára mọ̀ pé ẹ̀tàn lásán ni. Táìpù Adéfọlá ní lẹ́tà kan tó máa ń fò sókè ju àwọn yòókù lọ, gbogbo àwọn mọ́kànlá ló sì ti mọ̀ ọ́n láti bí ogún ọdún. Ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Dọ́kítà Màmúdù ní Zaria. Màmúdù kọ ojú ìwé mẹ́fà padà, ìyìn ló kún inú rẹ̀. Ta ni èkejì? Isaac wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Ẹni tí kò rí ẹni rán níṣẹ́ ni í rán ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ jókòó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àléébù kankan, ó sì gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní Adum.

Ọ̀gá Agyei ló ń to lẹ́tà níbẹ̀. Asante ni, ó ti lé láàádọ́ta ọdún, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló sì ti fi ń ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń tò wọ́n láti ẹ̀yìn wá bí ìwé inú díńgí. Ṣé ẹ rí àwọn mọ́kànlá tí mo wí lẹ́ẹ̀kan? Tirẹ̀ ni kálukú wọn ń kà nínú Ìwé Olú. Agyei nìkan ló ka ti gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, ìdí sì ni pé kò sí bí èèyàn ṣe lè to ọ̀rọ̀ tí kò bá kà. Ó máa ń bi Isaac ní ìbéèrè bó bá wá, Isaac á sì jókòó dá a lóhùn ju bó ṣe ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lóhùn lọ. Twi, èdè Asante, ni wọ́n jọ máa ń sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan lóṣù kẹta, Isaac lọ wo ìtẹ̀jáde náà. Ọgọ́sàn-án ẹ̀dà ti wà lórí tábìlì, ó ku kí wọ́n rán ẹ̀yìn wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ máa kó wọn lọ sí Accra, Àjíǹde ṣì ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti gbé ẹ̀dà kan sí imú, ó ń gbóòórùn rẹ̀, kó tó rí i pé Agyei jókòó. Agyei kì í jókòó níbi iṣẹ́.

“Ọ̀gá Agyei, ṣé kò sí nǹkan o?”

“Dọ́kítà, díẹ̀ ló kù kí ọkàn mi bọ́ lọ́jọ́ Àìkú.”

“Háà! Ṣé ibà ni?”

“Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ni.”

Kò kọ́kọ́ yé Isaac. Agyei fa ẹ̀dà kan jáde, ó ṣí i, ó sì fi ìka tí yíǹkì ti wọ̀ lẹ́kànná lé e: olú eérú, tó ń hù lára ọ̀pẹ tó ti kú, tó rí bí agboòrùn tí wọn ò tí ì ṣí, tó máa ń dúdú bíi yíǹkì bó bá gbó. Wọ́n ń jẹ ẹ́ dáadáa. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan rí.

“Ìyàwó mi rí i lára ọ̀pẹ tó wó lẹ́yìn ilé wa,” ni Agyei wí. “Ìyá rẹ̀ ní kó dà á nù, pé àwa kì í jẹ mmire yẹn, àwọn Mùsùlùmí àdúgbò zongo ló ń jẹ ẹ́. Mo ní, ‘Màmá, ẹ má bẹ̀rù, èmi ni mo to lẹ́tà rẹ̀. Ìwé ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é.’ A jẹ ẹ́ lálẹ́ Sátidé. Ó dùn paa! Mo sùn bí ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, a lọ síbi ìdúpẹ́ òkú, wọ́n bu ògógóró akpeteshie fún mi, ife kan péré. Awurade! Ojú mi gbóná bí ẹni tí wọ́n fi ata ra, àyà mi ń lù kìkìkì, mo sì bì títí mo fi rò pé ìfun mi ń bọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì jọ mu nínú ìgò yẹn, kò ṣe wọ́n. Àwọn ò jẹ olú. Ìyàwó mi àti ìyá rẹ̀ jẹ olú, kò ṣe wọ́n. Àwọn ò mutí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo fẹnu kan ẹmu, ó tún gbé mi, àmọ́ kò le tó ti àkọ́kọ́.”

Ẹ gbọ́ o, ọ̀jọ̀gbọ́n mélòó ló lè tò ó dáadáa tó bẹ́ẹ̀? Isaac dúró, ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá imú rẹ̀. Ó rántí pé olú kan wà nílẹ̀ àwọn òyìnbó tó ń bá ọtí jà báyìí. Ó ti kà á nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó tiẹ̀ kọ ọ́ nínú ìdánwò. Kò wá sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó ń yẹ iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n wò.

“Ṣé ẹ ti sọ fún ẹnikẹ́ni?” ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Bó ṣe bi í tán ni ojú tì í, nítorí ó yẹ kó kọ́kọ́ bi ọkùnrin náà bóyá ara rẹ̀ ti yá.

Ó kúrò ní Adum, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà Alabar, lọ́dọ̀ Ìyá Nímátù. Sàwúdátù lorúkọ obìnrin yìí gangan, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ará Moshie tó ti ní ìwé ìgbélùú ni ọkọ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi bá àwọn yòókù lọ. Olú gbígbẹ ló ń tà, ó sì ń ta tútù bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Adéfọlá ti gbọ́ ìdajì ohun tó kọ, Isaac ló sì máa ń bá Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ìwé lẹ́yìn nígbà náà.

“Ẹ kú ọjà o, Ìyá Nímátù.”

“Ísáàkì! Kai, o mà rù o. Ṣé Adérónkẹ́ ò fún ẹ lóúnjẹ ni?”

“Ó ń fún mi, mà. Ìyá, olú eérú ni mo bá wá. Ṣé lóòótọ́ ló ń bá ọtí jà?”

Ìyá Nímátù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Ta ló mutí?”

“Ẹnì kan ni. Kì í ṣe èmi.”

“Àlíhámúdù lílà.” Ó mí kanlẹ̀. “Kò sẹ́ni tó ń ta olú tí kò mọ̀ ọ́n. Bí Asante bá fẹ́ rà á, a óò ní, ‘Nsa, dabi! Ọjọ́ mẹ́ta, má mutí.’ Wọ́n á ní kí la wá ń tà á fún wọn sí. Bí wọn ò ṣe rà á mọ́ nìyẹn.”

“Ẹ ò sì sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n?”

“Kí ló bi mí? Ó ní, ‘Ṣé ẹ ń jẹ ẹ́?’ Mo ní à ń jẹ ẹ́. Ó ní, ‘Ṣé ó ń yọ yín lẹ́nu?’ Mo ní wàláhì, kò yọ wá lẹ́nu rí. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀?”

“Kò sí irọ́ níbẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ bá ti fi kún un.”

“Ísáàkì, fetí sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọmọ pásítọ̀, olùkọ́ ńlá, ó jókòó níwájú mi, èmi obìnrin tí ń kírun. Kí n wá la ẹnu, kí n ní, ‘Bàbá, tẹ́ ẹ bá ti jẹ ẹ́, ẹ má mutí o.’ Kí ni yóò gbọ́? Á gbọ́ pé mo pè é ní ọ̀mùtí. Àwọn tó jókòó tì wá á sì máa wò mí pé níbo lèmi ti mọ bí ọtí ṣe ń ṣeni. Ta ló máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síta? Ìwọ náà wà níbẹ̀. O ò bi mí.”

Òótọ́ ni, kò bi í. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ wọn ò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí gbogbo ẹni téèyàn béèrè lọ́wọ́ wọn bá ń gba ọ̀nà kan náà. Isaac ń kà wọ́n lọ bó ṣe ń padà. Ẹni méjìlélọ́gbọ̀n ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bá sọ̀rọ̀: Mùsùlùmí ni mẹ́rìnlélógún, ará ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mẹ́jọ. Adéfọlá fúnra rẹ̀ ò tọ́ ọtí wò rí. Màmúdù tó yẹ̀ ẹ́ wò, kò mutí. Isaac tó tún un yẹ̀ wò, ọtí ò kan ètè rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Òyìnbó kan wà nínú àwọn onímọ̀ olú tí ì bá yẹ̀ ẹ́ wò, tó máa ń mu bíà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, òun á ti béèrè lójú ẹsẹ̀. Òyìnbó náà ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ká ní àwọn mọ́kànlá yìí jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ọ̀mùtí kan ò ní ṣàì sí láàárín wọn.

Nígbà tó délé, ó jókòó sí yàrá ìkàwé rẹ̀, ó sì rò ó. Bí àwọn ẹ̀dà yẹn bá lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìwé Olú yè. Ta ló sì máa mọ̀? Àwọn mọ́kànlá ò ní jẹ olú eérú kí wọ́n tún mutí lé e. Ó lè fi àtúnṣe sínú ìtẹ̀jáde tó tẹ̀ lé e, bí ọ̀pọ̀ olóòtú ṣe máa ń ṣe. Bó bá sì dá wọn dúró, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí Ọ̀jọ̀gbọ́n kó tó yí lẹ́tà kan padà nínú iṣẹ́ rẹ̀, kí èsì sì dé láti Ìbàdàn, kí wọ́n tún tẹ ojú ìwé tuntun. Àjíǹde ò ní dúró dè wọ́n. Ọkàn rẹ̀ fà sí i gan-an pé kó jẹ́ kí wọ́n lọ. Èmi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Ohun tí kò jẹ́ kó ṣe é ni pé ó ń gbọ́ ohùn Agyei létí: ìwé ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Nínú gbogbo àwọn tó ń ka ìwé náà, ẹnì kan ṣoṣo ló gbà á gbọ́ débi tó fi fi í se ọbẹ̀, ìyẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Àmọ́ Ìwé Olú kì í tẹ àgbọ́sọ. Bí àtúnṣe bá máa wà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dán an wò, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Isaac ò lè ní kí Agyei tún jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ṣe lọ sílé Agyei ní ọ̀sán Sátidé, tó ní kí wọ́n bu akpeteshie fún òun.

Agyei wò ó títí. “Ẹ ti jẹ olú ni?”

“Rárá. Mi ò mutí rí. Bí mo bá jẹ olú kí n tó mu ún, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí olú fà yàtọ̀ sí èyí tí ọtí fà? Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ọtí nìkan ṣe ń ṣeni.”

“Òótọ́ ni,” ni Agyei wí, ó sì lọ gbé ìgò.

Isaac fẹ́ gbàdúrà sí i, kò mọ irú àdúrà tó bá a mu. Ó gbé e mì. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jó, omi dà lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ fúyẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nípa olú orí ògán fún ìyá ìyàwó Agyei, tí kò béèrè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò rí nǹkan kan. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé ó padà wá, ó jẹ àwo olú eérú kan lọ́sàn-án, ó sì mu ìwọ̀n ọtí kan náà ní aago mẹ́rin. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí ọrùn rẹ̀ fi gbóná, ìka ọwọ́ rẹ̀ ń ta á, àyà rẹ̀ ń lù bí ẹni tó sáré gun òkè, ó sì bì sínú korobá. Kò lè di kálámù mú, Agyei ló di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ń wo aago, tó ń kọ iye ìgbà tí ọkàn ń lù sílẹ̀.

Nígbà tí Isaac délé ní ìrọ̀lẹ́, Adérónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. “Díákónì,” ló pè é. Kò pè é ní nǹkan mìíràn títí di ọjọ́ kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Isaac ti ṣàlàyé dé orí iye ìgbà tí ọkàn òun lù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, ọkọ̀ lọ sí Accra láìgbé Ìwé Olú. Ó dun Isaac gan-an. Ó kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ẹgbẹ́, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Lẹ́tà Ọ̀jọ̀gbọ́n ló wá ṣòroó kọ. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ pé ogún ọdún rẹ̀ ní ihò nínú? Ó kọ ọ́, ó fà á ya, ó tún un kọ. Níkẹyìn ó kọ ohun tó rí sílẹ̀ bó ṣe rí i, ó fi ojú ìwé tó kọ àdánwò náà sí kún un, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Mo dọ̀bálẹ̀, sà. Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀bi mi ni.” Ó gbé e fún Bákàrè, oníṣòwò aṣọ tó ṣì ń lọ sílé tó ń bọ̀, pé kó fi lé bàbá náà lọ́wọ́ ní Ìbàdàn.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni Bákàrè lò. Ó ní Ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣàìsàn díẹ̀, àmọ́ ó jókòó dìde nígbà tó ń ka lẹ́tà náà, ó sì rẹ́rìn-ín níbì kan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tí Isaac ti mutí ni. Èsì rẹ̀ kò gùn:

“Isaac ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́. Má fi sẹ́yìn bí ohun tí à ń tì mọ́ abẹ́ ibùsùn, iwájú iṣẹ́ mi ni kó wà, kí wọ́n kà á kí wọ́n tó ka tèmi. Gbogbo ẹni méjìlélọ́gbọ̀n yẹn, èmi ni mo yàn wọ́n. Ẹni tí mo lè jókòó tì kí bàbá mi má bínú tó bá gbọ́ ni mo bá sọ̀rọ̀. Mi ò lọ sí ilé ọtí kankan béèrè nǹkan kan rí, ibẹ̀ ni ìdajì ìlú sì wà. Ẹ̀bi tèmi ṣáájú tìẹ. Ẹni méjì wo lo máa wá láti yẹ àtúnṣe náà wò? Má fi ránṣẹ́ sí Màmúdù o.”

Isaac gbé ìwé ìyẹ̀wò méjì lọ bá Ìyá Nímátù àti Agyei. Ìyá Nímátù ò mọ ìwé, ó ní kí wọ́n kà á fún òun. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe méjì, wọ́n sì tún un kọ. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i. Agyei ka tirẹ̀ lórí ìdúró. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ pé irú ìmọ̀ wo ni olùyẹ̀wò ní nípa ọ̀ràn náà. Ó kọ ọ́ pé: “Mo ti ń mutí láti ọdún 1945.” Isaac tẹ́wọ́ gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí olùyẹ̀wò kan láàárín ọdún mẹ́sàn-án tí ìmọ̀ rẹ̀ kan ọ̀ràn náà gbọ̀ngbọ̀n tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọjọ́ méjì sí Ọjọ́bọ̀ nígbà tí lẹ́tà akọ̀wé ẹgbẹ́ dé láti Accra. Lẹ́tà pẹ̀lẹ́ ni. Ó ní àwọn gbọ́, ohun tí olóòtú ṣe dára, àwọn á sì pín ìtẹ̀jáde yìí fún àwọn tó ń gbà á nígbàkigbà tó bá dé. Ṣùgbọ́n ìpàdé ti jókòó, wọn ò lè máa di ààyè sílẹ̀ fún ìwé tí àwọn tó ń kọ ọ́ ò pé mọ́kànlá mọ́. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ olú kó máa kọ ọ́ sínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko gbogbo, bí àyè bá wà. Kí olóòtú jọ̀wọ́ fi ìkéde sí ẹ̀yìn ìwé pé èyí ni ìkẹyìn.

Isaac kọ ìkéde náà, kò ju ìlà mẹ́rin lọ, ó sì mú un lọ sí Adum. Àtúnṣe ti wà lórí tábìlì, ojú ìwé mẹ́rin, orúkọ Sàwúdátù ti Alabar àti ti Agyei wà lábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùyẹ̀wò. Àwọn méjì yìí nìkan ni Ìwé Olú tẹ orúkọ wọn rí nípò bẹ́ẹ̀, nítorí Isaac ní ìgbà wo ló tún kù tí òun fẹ́ fi orúkọ ẹnikẹ́ni pa mọ́. Agyei gba bébà náà, ó dúró síwájú àpótí lẹ́tà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ìlà kejì, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Ìkẹyìn kẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá Agyei.”

“Nítorí mmire tí mo jẹ ni?”

“Rárá o. Nítorí pé a ò pọ̀ ni.”

Agyei tún ṣa lẹ́tà díẹ̀. Ó tò wọ́n tán, ó ta yíǹkì sí i, ó tẹ ẹ̀dà kan fún àyẹ̀wò, ó sì nà án sí Isaac.

“Ìkéde òkú ni wọ́n ń gbé wá síbí, Dọ́kítà,” ló wí. “Ìkéde òkú, kàlẹ́ńdà, ìwé ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń tò wọ́n. Kò sí ohun tí mo lè bi ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kí ni n óò máa kà báyìí?”

Isaac gba bébà náà, ó ka ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.